Koríko Bàhámà àti Pátákò Ẹṣin

Nínú ìwé Àgíríìkì wa ní JSS 1, wọ́n ka koríko bàhámà mọ́ àwọn èpò tó ń yọ àgbẹ̀ lẹ́nu. Ìlà kan náà ni òun àti ekan jọ wà. Tíṣà wa ní bí èèyàn bá fi ọkọ́ gé e sí ọ̀nà mẹ́wàá, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló máa hù. Gbogbo wa kọ ọ́ sílẹ̀, a sì fa ìlà sí i nídìí. Ìgbà tí mo wá délé ní ọlidé Ọdún Àjíǹde, mo bá bàbá mi tí wọ́n ń bomi rin èpò yìí gan-an nínú bàsíà, bí ẹni tó ń tọ́jú ọmọ tuntun.

Iṣẹ́ bàbá mi ni kí wọ́n máa gbin koríko àti òdòdó sí àgbàlá àwọn èèyàn. Enugu Road là ń gbé, ní Sábọ́n Gàrí, ní Kánò. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa tí wọn ò dé Kánò rí máa ń rò pé Ìgbò nìkan ló wà níbẹ̀ nítorí orúkọ yẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Kánò ní 1911, àwọn ará gúúsù bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wá, ibi tí wọ́n sì fún wọn lẹ́yìn odi ìlú ni wọ́n ń pè ní Sábọ́n Gàrí, ìyẹn ìlú tuntun. Nínú ilé tiwa nìkan, ìyá Ìgbò kan wà tó ń ta aṣọ òkìrìkà, ìdílé Ìdómà kan wà, ará Ògbómọ̀ṣọ́ méjì wà, àwa náà sì wà. Ohun tí kò sí ní Enugu Road ni koríko. Ṣọ́ọ̀bù, gọ́tà, jẹnẹrétọ̀ àti kéké Adaidaita Sahu ló kún ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí ewé tútù, àfi kó wá wo inú bàsíà bàbá mi.

Bí ọ̀rọ̀ bàsíà ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Alhájì kan wà ní ẹ̀yìn ìlú tó ń sin ẹṣin. Ẹṣin tirẹ̀ kì í ṣe ti Sallah nìkan, ti sukuwa ni, ìyẹn eré ìje. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ẹṣin náà ní eré jẹ́ ilẹ̀ pupa lásán, tó máa ń le bí bíríkì bí òjò bá ti lọ. Lọ́dún tó kọjá, ẹṣin funfun kan fi ẹsẹ̀ rọ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹṣin yàtọ̀ sí èèyàn, wọn kì í sábà rí egungun ẹsẹ̀ ẹṣin tó kán tò kó tún sáré. Wọ́n ní láti pa á. Lẹ́yìn èyí ni Alhájì ní kí wọ́n gbin koríko yí gbogbo ọ̀nà eré náà ká. Wọ́n pe bàbá mi. Àdéhùn wọn ni pé ìdajì owó máa wá kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ìdajì kejì máa wá lẹ́yìn tí àwọn ẹṣin bá ti sáré lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tí koríko náà ò sì ṣí kúrò nílẹ̀. Inú ìdajì kejì yẹn ni owó ilé-ìwé mi ti sáà kejì wà. Mọ́mì ló sọ fún mi. Dádì ò sọ ọ́.

Ọmọ Alhájì kan wà tó ti Àbújá dé. Òun fẹ́ carpet grass, koríko aláwẹ́ fífẹ̀ tí ẹ máa ń rí ní iwájú òtẹ́ẹ̀lì. Ó dára lójú lóòótọ́. Ó ní ẹnì kan ti ṣèlérí fún òun pé kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, gbogbo ilẹ̀ yóò ti tutù, iye owó rẹ̀ ò sì tó ti bàbá mi. Bàbá mi ní kí wọ́n fún àwọn ní oṣù mélòó kan kí àwọn fi dán nǹkan wò. Wọn kì í ṣe ẹni tó máa ń jiyàn púpọ̀. Wọ́n kàn lọ ra bàsíà mẹ́rin lọ́jà Sábọ́n Gàrí, wọ́n lu ìdí wọn, wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ kan náà sínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Carpet grass wà nínú ìkíní. Bàhámà lásán, èyí tó ń hù fúnra rẹ̀ létí ọ̀nà, wà nínú ìkejì. Ìkẹta ni bàhámà olówó tí wọ́n ń pè ní Tifway. Ìkẹrin ni gbági, nítorí pé bàbá mi ṣàkíyèsí pé lórí pápá bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọ ti tẹ̀ títí, òun ló máa ń kù gbẹ̀yìn.

Oṣù kejì ni wọ́n gbìn wọ́n. Ìgbà tí mo fi dé ní ọlidé, koríko ti bo bàsíà. Ni bàbá mi bá mú irin ẹsẹ̀ ẹṣin àtijọ́ kan, wọ́n fi ìṣó kàn án mọ́ ìdí ọmọ odó. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa gún koríko. Ogún ìgbà láàárọ̀, ogún ìgbà nírọ̀lẹ́, nínú bàsíà kọ̀ọ̀kan, fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹ kò lè mọ bí ó ṣe rí kí èèyàn máa gún nǹkan lójoojúmọ́ kí ẹnikẹ́ni má rí iyán jẹ. Ìyá tó ń ta òkìrìkà jáde ní ọjọ́ kìíní pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n rí ohun tí mò ń gún, wọ́n wo bàbá mi, wọ́n wo mí, wọ́n wọlé padà. Ọ̀rọ̀ omi ni wọ́n wá bá wa jà lé lórí. Ọwọ́ mẹ́rúwà la ti ń ra omi ní kẹ́ẹ̀gì, oṣù kẹrin sì ni ooru Kánò máa ń mú jù. Wọ́n ní ṣé koríko ni a fẹ́ máa fi omi owó bọ́ nígbà tí àwọn ọmọ ò tíì wẹ̀? Èmi gan-an rò pé òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ sọ ọ́ síta.

Carpet grass ló kọ́kọ́ juwọ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ewé rẹ̀ ti di ẹ̀tẹ̀, ó ń yọ̀ bí ilá. Koríko tó fẹ́ràn òjìji àti ọ̀rinrin ni, ilẹ̀ Èkó bá a lára mu ju tiwa lọ. Gbági ò mira rárá. Mo kọ́kọ́ rò pé òun ló máa gba ipò kìíní. Ṣùgbọ́n bàbá mi ní kí n fọwọ́ kàn án. Ìdì ìdì ló ń hù, òkè kan níbí, àlàfo kan lọ́hùn-ún. Ẹṣin tó ń sá eré kíkankíkan lè fẹsẹ̀ kọ ọ́. Èyí tó tún burú ni pé kì í lò ju ọdún kan lọ. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, á kú, á sì fi ihò sílẹ̀.

Bàhámà méjèèjì ya, mi ò ní parọ́. Ní ọjọ́ kẹwàá, àárín bàsíà ti di iyẹ̀pẹ̀. Bàbá mi ní kí n fi wọ́n sílẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé lẹ́yìn rẹ̀, okùn tín-ín-rín ti ń rá pálá láti etí bàsíà padà sí àárín, ewé sì ń yọ ní oríkèé kọ̀ọ̀kan. Àṣírí rẹ̀ nìyẹn. Ó máa ń na okùn sórí ilẹ̀, ó tún ń na òmíràn sábẹ́ ilẹ̀. Bí pátákò bá gé tòkè, tìsàlẹ̀ wà níbẹ̀. Ohun tó mú kí àgbẹ̀ kórìíra rẹ̀ gan-an ni ohun tí ẹṣin ń fẹ́. Mo ti wá rí i pé ìwé Àgíríìkì wa ò parọ́, ó kàn jẹ́ pé àgbẹ̀ ló kọ ọ́, ẹlẹ́ṣin kọ́.

Nígbà tí mo padà sílé-ìwé, mo bi tíṣà wa, wọ́n sì jẹ́ kí n wá a kiri nínú yàrá kọ̀ǹpútà. Ó yà mí lẹ́nu pé koríko pápá ẹṣin kò jọra wọn káàkiri ayé. Ní Ìlú Ọba, ryegrass ni wọ́n ń lò jù, òtútù ló fẹ́, oòrùn Kánò á sun ún jóná. Ní Jàpáánì, zoysia ti ilẹ̀ wọn ni. Ó máa ń pọ́n nígbà òtútù, nítorí náà wọ́n máa ń fọ́n ryegrass sórí rẹ̀ kí pápá má bàa rí bí ẹni pé ó ti kú. Àwọn ará Ọsirélíà ń lo kikuyu ní ọ̀pọ̀ pápá wọn. Ilẹ̀ Kẹ́ńyà ni kikuyu ti wá, orúkọ ẹ̀yà Kikuyu ni wọ́n fi pè é. Tifway tó wà nínú bàsíà wa náà ní ìtàn. Glenn Burton ló gbé e jáde ní 1960, ní ìlú Tifton, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà. Bàhámà lásán àti ọmọ ìyá rẹ̀ kan láti Gúúsù Áfíríkà ló bí i, inú irúgbìn tó wá láti Johannesburg ni wọ́n sì ti rí i. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé koríko òyìnbó ni, ẹ má gbà.

Ọdún 1960 yẹn tún ni wọ́n sọ àsíá Ìlú Ọba kalẹ̀ tí wọ́n sì gbé tiwa sókè ní pápá eré ẹṣin Èkó. Ẹ̀yin tí ẹ ti dé Tafawa Balewa Square, ibẹ̀ náà ni. Ní 1972 ni wọ́n sọ ọ́ di ohun tó jẹ́ báyìí. Kọnkéré ló kún ibẹ̀, ẹṣin tó kù níbẹ̀ kò ju àwọn ère ẹṣin funfun tó wà lókè ẹnu ọ̀nà. Tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò bá fi koríko díẹ̀ sílẹ̀.

Kí ọlidé yẹn tó parí, a kó bàsíà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ọmọ odó sínú kéké, ó di ilé Alhájì. Oníkéké bi wá lẹ́ẹ̀mejì bóyá ìgbéyàwó là ń lọ. Bàbá mi da koríko kọ̀ọ̀kan síta pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀, wọ́n tò ó sí ilẹ̀. Mallam tó ń tọ́jú àwọn ẹṣin mú ẹṣin kan wá, wọ́n sì fà á kọjá lórí wọn. Àgbàlagbà ni Mallam, láti kékeré ni wọ́n ti wà nídìí ẹṣin. Carpet grass bó kúrò lára iyẹ̀pẹ̀ bí èèpo iṣu sísè. Ọmọ Alhájì rẹ́rìn-ín, ó ní kò tíì fìdí múlẹ̀ ni. Ṣé àwọn tó kù ti fìdí múlẹ̀? Ọjọ́ kan náà la gbin gbogbo wọn.

Mallam ò tilẹ̀ wo koríko. Wọ́n fi gìgísẹ̀ tẹ iyẹ̀pẹ̀ abẹ́ rẹ̀, wọ́n sì sọ fún bàbá mi ní Hausa pé, “Doki ba ya gudu a kan ciyawa.” Ẹṣin kì í sáré lórí koríko. Wọ́n ní ilẹ̀ ni ẹṣin ń sáré lé, iṣẹ́ koríko kò ju pé kó di ilẹ̀ mú lọ. Nígbà tí ẹṣin bá ń sáré gan-an, ìgbà kan wà tí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo máa wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn á sì gbé ìwúwo tó ju ti gbogbo ara ẹṣin náà lọ ní ìlọ́po méjì. Ẹṣin eré máa ń wọn tó 450 kìlógíráàmù. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Bí ilẹ̀ bá le jù, egungun ló máa gba gbogbo rẹ̀. Bí ó bá sì rọ̀ jù, iṣan á fà. Mo bi Mallam bóyá wọ́n mọ òwe wa tó ní ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní ti ẹ̀yìn ò rí nǹkan kan, iyẹ̀pẹ̀ ló ń jẹ.

Ọ̀rọ̀ Mallam yìí ló yí ètò bàbá mi padà. Tifway ni wọ́n ti fẹ́ rà. Òun ló nípọn jù, òun ló sì tètè bo àárín bàsíà. Ṣùgbọ́n kò ní irúgbìn tó ń hù, okùn rẹ̀ nìkan lèèyàn lè rà, ó sì wọ́n. Dádì jókòó ní alẹ́ ọjọ́ yẹn pẹ̀lú bírò, wọ́n ní àwọn ò lè ra koríko olówó kí àwọn sì tún ilẹ̀ ṣe, ọ̀kan nínú méjèèjì ni. Wọ́n yan ilẹ̀. Wọ́n ní bàhámà lásán ni àwọn máa gbìn, bí ibì kan bá sì kú lọ́la, àwọn á gé okùn láti ẹ̀gbẹ́ fi dí i, láìjẹ́ pé àwọn ń wá oníṣòwò kankan lọ. Mọ́mì bi wọ́n pé bí Alhájì bá wá sọ pé koríko etí ọ̀nà ni wọ́n gbìn fún òun ńkọ́? Dádì ní, “Koríko etí ọ̀nà náà ni.”

Òjò Kánò ò pẹ́. Bí ó bá fi máa di oṣù kẹwàá, ó ti ń lọ. Nítorí náà oṣù kẹjọ la gbìn ín, mo sì wà nílé fún ọlidé gígùn. Wọ́n ti tú ilẹ̀ náà jinlẹ̀, wọ́n ti da iyanrìn àti ìgbẹ́ ẹṣin tó ti jẹrà pọ̀ mọ́ ọn. Ó gbọ́dọ̀ jẹrà dáadáa o, torí pé irúgbìn èpò wà nínú ìgbẹ́ tútù. A gé okùn bàhámà ní oríkèé mẹ́ta mẹ́ta, a tò ó sínú poro, a bò ó díẹ̀, a fi ewé díẹ̀ sílẹ̀ síta. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí dúrọ́ọ̀mù tí omi kún inú rẹ̀ kọjá lórí rẹ̀. Ẹ̀yìn mi ò tíì gbàgbé. Gbogbo gbági tó bá yọjú, èmi ni mò ń fà á tu, mo sì máa ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ torí pé ó gbìyànjú nínú bàsíà.

Ìjà tó tẹ̀lé e ni ti gígé. Ọmọ Alhájì fẹ́ kí wọ́n gé e mọ́lẹ̀ bíi ti pápá bọ́ọ̀lù tó ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n. Bàbá mi ní rárá, ti ẹṣin gbọ́dọ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 10, kí tìmùtìmù díẹ̀ lè wà lábẹ́ pátákò. Alhájì bi Mallam. Mallam ní kí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọyẹ́ ti dé báyìí. Ní mid-term, mo bá bàbá mi lọ wò ó. Ojú koríko ti ń pọ́n, ó rí bí ìrun arúgbó. Ọmọ Alhájì ti fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé koríko ti kú, pé òun máa pe àwọn oní-carpet-grass wá. Mo gbọ́ ohùn yẹn, inú mi ò dùn. Bàbá mi ò fèsì lórí fóònù. Wọ́n lọ bá Alhájì, wọ́n kúnlẹ̀ sórí pápá, wọ́n fi ọ̀bẹ gbẹ́ iyẹ̀pẹ̀ kan jáde, wọ́n gbọn ọ́n. Okùn abẹ́ ilẹ̀ funfun kíníkíní, gbòǹgbò rẹ̀ sì gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Ohun tó fà á ni pé láti ìgbà tí òjò ti dá, bàbá mi kì í bomi rin ín lójoojúmọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni, ṣùgbọ́n omi náà máa ń wọlẹ̀ lọ jinlẹ̀, gbòǹgbò á sì máa wá a lọ sísàlẹ̀. Alhájì mú ọ̀kan nínú okùn náà, wọ́n já a, ó ṣì ní omi nínú. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má pe ẹnikẹ́ni wá. Oṣù kìíní ni àwọn ẹṣin máa kọ́kọ́ sáré.

Ohun kan ṣoṣo tí Mallam ń bẹ̀rù ni kọ́nà. Gbogbo ẹṣin ló máa ń fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ inú níbẹ̀ torí pé ọ̀nà kúrú, wọ́n á sì máa tẹ ojú kan náà títí tó fi máa di ihò. Láwọn pápá ńláńlá lókè òkun, ọgbà inú ṣeé sún. Wọ́n á sún un síta fún ìgbà díẹ̀, ibi tí ẹsẹ̀ ti pọ̀ jù á sì rí ìsinmi. Owó irú ọgbà bẹ́ẹ̀ ò sí. Bàbá mi wá ní kí a ri ọ̀pá oparun mọ́ àárín táyà àtijọ́, kí a da sìmẹ́ńtì sí i, ọmọkùnrin méjì á lè gbé e. Nǹkan tí mo fẹ́ fi ọlidé Kérésìmesì ṣe nìyẹn. Táyà mẹ́rìndínlógún ló ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà wa ní Enugu Road, méjìlá ló kù. Ọmọ ẹgbẹ́ tí ilé wọn bá wà ní Kánò, tí táyà àtijọ́ sì wà nílé wọn, kó jọ̀ọ́ bá mi sọ̀rọ̀ kí a tó gba ọlidé. Ti kéké kéré jù, ti mọ́tò ni kó jẹ́.